Ohun Tí Ọwọ́ Lè Dì

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Oṣù Kẹwàá.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé físà Bràsíl rẹ ti jáde, pé nígbà tí oṣù tó ń bọ̀ bá ń parí lọ ni o ó gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, láti ibẹ̀ dé Lomé, láti Lomé dé Accra, kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Bàhíà. Mo bá ọ yọ̀ gan-an ni. Ọlọ́run tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀. Ó ní o béèrè ohun tí èèyàn lè máa rà ní ìlú kọ̀ọ̀kan fún ìrántí, tí kò ní gba àyè, tí kò sì ní wúwo, nítorí àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo lo fẹ́ gbé. Inú mi dùn pé o ro ọ̀rọ̀ náà kí o tó kúrò nílé. Aṣọ ni mo ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọjà sì ti gbé mi gba púpọ̀ nínú ọ̀nà tí o fẹ́ tọ̀ yìí. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, owó yóò tán kí n tó sọ ìdajì. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Kọ́kọ́ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìrántí. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ti àjò dé kì í wọlé lọ́wọ́ òfìfo; bí o bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ilé yóò ti máa wo báàgì rẹ. Ìyẹn dára, ó sì yẹ kí o rí nǹkan fi lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun jíjẹ àti ohun lílò ni ẹ̀bùn: bisikíìtì, ọṣẹ, ìbọ̀sẹ̀. Ìlú tó bá gbẹ̀yìn ìrìnàjò ni kí o ti rà á, kí o má baà máa ru bisikíìtì Kútọnu kiri ayé. Wọn yóò jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìrántí ni tìẹ fúnra rẹ. Òun ni yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá dàgbà tó mi, tí ọmọdé kan yóò gbé e sókè tí yóò ní, "Mọ̀mí, níbo ni ẹ ti rí èyí?", tí o ó sì fà á mọ́ra, tí o ó ròyìn fún un.

Nígbà tí o bá dúró níwájú àtẹ kan, tí ọkàn rẹ ti fà sí nǹkan, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé: ṣé àwọn ará ìlú yìí máa ń fi owó ara wọn rà á? Bí obìnrin ibẹ̀ bá ń rà á wọ òde, bí ìyá bá ń rà á fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà, bí àgbà bá ń so ó mọ́ ọwọ́ lọ síbi ìjọsìn, rà á. Bí ó bá jẹ́ pé àlejò nìkan ló ń dúró tì í, tí ọmọ onílùú ń kọjá láìbojú wò ó, fi í sílẹ̀. Igi tí wọ́n gé ní àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fìríìjì, ife tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lára: wàá rí wọn ní Accra, wàá rí wọn ní Lomé, wàá tún bá wọn ní pápákọ̀ òfuurufú ní Bràsíl. Orúkọ ìlú nìkan ló yàtọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ti ìlú tó wà lára wọn jáde. Bí ọdún bá gorí ọdún, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ìtàn kankan tí yóò rán ọ létí.

Lẹ́yìn èyí ni kí o wá wo ìwọ̀n rẹ̀. Ṣé ọwọ́ kan lè dì í, tàbí ṣé ó ṣeé ká? Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń ré òkun kọjá ń gbà fún báàgì kan. Bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ bá jẹ́ èyí tó rọjú, ó lè jẹ́ pé báàgì ọwọ́ nìkan ni wọn yóò gbà fún ọ. Ère ńlá, ìlù, agbọ̀n, ìkòkò, gbogbo wọn ló rẹwà, ṣùgbọ́n bodè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa tú wọn wò, kí ìlú kẹta tó dé, ẹ̀gbẹ́ kan ti sán lára wọn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ èyí. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ lójú kojú ti tó láti sọ fún ẹni tó wà ní ìlú kejì pé àárín wa gún. Bí wọ́n bá so ó kí ẹ̀yìn wọn kọ síra, ìjà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìránṣẹ́ kò nílò kẹ̀kẹ́ ẹrù láti fi gbé ọ̀rọ̀ ìlú méjì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o yan irú nǹkan kan, kí o sì máa bá a lọ láti ìlú dé ìlú. Bí o bá ra ohun tí ojú bá ṣáà ti rí, nígbà tí o bá padà dé, ẹrù lásán ni wàá tú sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú kan náà ni, tí o tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìwọ fúnra rẹ yóò rí bí ọgbọ́n ọwọ́ ìlú kan ṣe jọ ti èkejì àti ibi tí wọ́n ti pínyà. Aṣọ ni èmi yóò yàn, ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Méjèèjì kì í tètè bàjẹ́, wọn kò gba àyè, kò sì sí ìlú kan lójú ọ̀nà rẹ tí kò ní tirẹ̀.

Ilé ni kí o ti mú àkọ́kọ́. Mo ti gé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀ fún ọ, kò ju áńkáṣíìfù lọ. Ara ìró tí bátànì rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn ni mo ti gé e. Wò ó dáadáa: àwọn ìlà tó dúró ṣánṣán yẹn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n, ṣíbí ló sì wà láàárín wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, ẹni tó ya bátànì yẹn rí ilé tuntun náà, ó sì gbé e sórí aṣọ. Ẹ̀kọ láàfún ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìyẹ́ adìyẹ ni gègé wọn. Wọ́n á fà á sójú aṣọ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá rì í bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún dáadáa. Mo tún fi awẹ́ aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, èyí tó ṣẹ́ kù lára ẹtù tí ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn hun. Gbé méjèèjì dání lọ. Ibikíbi tí o bá ti bá oníṣẹ́ ọwọ́ pàdé, mú un jáde kí o fi hàn án kí o tó béèrè iye ọjà rẹ̀. Mo ti rí i pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀ han oníṣẹ́, oníṣẹ́ náà á fà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, á gbé èyí tí kò fi síta wá.

Bí o bá kọjá Sẹ̀mẹ̀, Àjàṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ yà sí, níbi tí o kò ti nílò Faransé rárá. Yorùbá ni ìyá ọlọ́jà yóò fi dá ọ lóhùn. Wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ wọn tó rí bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n padà wálé láti Bràsíl ló mú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ wá, àwọn náà ló kọ́ irú rẹ̀ sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Kò sí ohun tí wàá rà níbẹ̀ fún ìyẹn. Kàn wò ó, kí ojú rẹ ti mọ Bàhíà kí o tó dé ọ̀hún.

Ìrántí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Àgbómẹ̀ ló ti ń wá. Bí o bá ráyè, wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bí o kò bá ráyè, wàá rí iṣẹ́ wọn ní ọjà oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kútọnu. Aṣọ alárànpọ̀ ni: wọ́n á gé aṣọ aláwọ̀ ní àwòrán ẹranko tàbí èèyàn, wọ́n á rán an mọ́ orí aṣọ dúdú tàbí funfun. Àwọn télọ̀ ààfin ló ń ṣe é fún àwọn ọba Dáhòmì nígbà kan, ẹranko kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ọba kan. Ẹfọ̀n ni ti Gézò, kìnnìún ni ti Glèlè. Àwọn èyí tó tóbi bí aṣọ ìbora ni wọ́n máa ń gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Má wò wọ́n. Béèrè èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí ẹranko kan ṣoṣo wà lára rẹ̀, kí o sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí ọwọ́ bá ti rán an, wàá rí i pé abẹ́rẹ́ kò dọ́gba, bí lẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á ti máa ká sókè.

Àgbómẹ̀ yìí náà ni mo fẹ́ fi kìlọ̀ fún ọ nípa ohun àtijọ́. Ní ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ ààfin náà, wọ́n kó ìtẹ́, ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ lọ sí Paris. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni 26 nínú ohun tí wọ́n kó lọ tó padà dé Kútọnu. Bẹ́ẹ̀ ni ti Bìní wa níbí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ́dún 1897, tí wọn kò tíì dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ pé òun ní ère tí baba ńlá òun bọ, tàbí ìwọ̀n tí wọ́n ń fi wọn wúrà láyé àtijọ́, dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí o sì máa lọ. Ó lè jẹ́ irọ́, o ti sọ owó nù nìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù, nítorí o ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ogún ìlú lọ. Ohun tí wọ́n ṣe lónìí, tí ẹni tó ṣe é gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, òun ni kí o mú.

Lomé, ilé mi kejì ni. Ọjà Assigamé ni kí o lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná jó ilé ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ obìnrin pàdánù ohun tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ló sọ ọjà yẹn di ńlá. Àǹkàrá ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Netherlands lọ́dún 1846, ni wọ́n ń tà, àwọn ni wọ́n sì ń sọ bátànì tuntun lórúkọ. Aṣọ tí kò bá lórúkọ kì í yá tà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní "Ọkọ mi tó tán". Òmíràn tí ẹyẹ ti ń fò jáde nínú àgò, wọ́n ní "Bí o bá jáde, èmi náà á jáde". Obìnrin tó bá róṣọ yẹn lọ sóde, ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tí wọ́n já owó sẹ́ẹ́fà sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbérí mọ́, nítorí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra ọjà. Èmi náà ń ra ọjà níbẹ̀ lásìkò yẹn, mo mọ bí ojú ọjà ṣe rí.

Má ra odindi aṣọ. Bẹ ìyá ọlọ́jà pé kí ó gé ìdajì yáàdì fún ọ, tàbí kí ó wo inú àwọn tó ṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gbà, ṣùgbọ́n bí o bá kí i dáadáa, tí o jókòó díẹ̀, wàá rí ẹni tó máa ṣe é. Lẹ́yìn náà ni kí o wá béèrè orúkọ aṣọ náà àti ohun tó fà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò pe àgbà tó mọ̀ ọ́n láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìtàn tí àgbà yẹn bá sọ ni ìrántí Lomé. Aṣọ náà kàn ń bá ọ dì í mú ni.

Kí o tó kúrò nílẹ̀ sẹ́ẹ́fà, tọ́jú owó onírin kan, èyí tó kéré jù. Àwòrán ẹja tí ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn ló wà lójú rẹ̀, láti ara àwọn ìwọ̀n tí àwọn Àkán fi ń wọn ìyẹ̀fun wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n sì ti mú un. O rí i pé o ti ní ìwọ̀n wúrà láìra ohun jíjí.

Láti bodè Aflao, ojú ọ̀nà Accra náà ni Agbozume wà, ìlú àwọn Ewe tó ń hun kẹ́ńtè. Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ayé mọ kẹ́ńtè àwọn Àṣáńtí, ṣùgbọ́n ti Ewe máa ń ní ẹyẹ, ẹja, ọwọ́, àpótí ìjókòó, tí wọ́n hun sínú aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni UNESCO kọ iṣẹ́ kẹ́ńtè sínú ìwé ogún ọmọ ènìyàn. Mú awẹ́ ẹtù rẹ jáde kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí òfì tóóró ni àwa àti wọn jọ ń lò. Awẹ́ sí awẹ́ la ń rán pọ̀ kí ó tó di aṣọ. Ahunṣọ tó bá rí tìẹ kò ní nílò ògbufọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa ka okùn. Ṣùgbọ́n má ní kí ó gé nínú èyí tó wà lórí òfì fún ọ. Ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn ti san owó, o kò sì gbọ́dọ̀ da iṣẹ́ oníṣẹ́ rú nítorí nǹkan kékeré. Béèrè ìyókù tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Èyí tó gùn tó ìwé kan lóòró ti tó.

Ní Gánà kan náà ni o ó ti bẹ̀rẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀. Ilẹ̀ Krobo ni kí o wá a lọ, tàbí kí o dé ọjà Koforidua lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ náà ni ọjà ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Bí o bá lè rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, má jẹ́ kí ohunkóhun mú ọ kọjá láìwò ó. Ìgò tí wọ́n ti mu ọtí inú rẹ̀ ni wọ́n ń gún nínú odó títí yóò fi kúnná, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti gbẹ́ sójú amọ̀. Wọ́n á ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín ìyẹ̀fun náà, wọ́n á gbé e wọ inú ààrò. Iná á yọ́ ìgò, á sì jó igi ewé ẹ̀gẹ́ dànù, ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀ á di ojú okùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi àti iyanrìn gbo ó lórí òkúta títí yóò fi dán. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Krobo bá ń ṣe Dipo, àṣà tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin wọ ipò àgbà, ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń wọ̀ kún ìbàdí àti ọrùn. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ti rí èsì níbẹ̀. Ẹyọ mẹ́ta péré ni kí o rà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátànì tirẹ̀.

Tí o bá dé, mo máa mú ọ lọ sí Bìdá, ní àdúgbò Masaga, níbi tí àwọn Nupe ti ń fi ewìrì fẹ́ iná, tí wọ́n ń yọ́ ìgò ká ara irin. Ilé-Ifẹ̀ tiwa náà ti ṣe dígí tirẹ̀ ní Igbó Olókun ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó kan èbúté wa. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún ọ pé láti òkè òkun ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ wa ti wá.

Bàhíà ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù. Nígbà tí wọ́n pe àwa aláró kan lọ fi àdìrẹ hàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun ni mo rí tó dà bíi pé ẹnìkan láti Kétu tàbí Abẹ́òkúta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Bí o bá ti dé Salvador, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò nà sí ọ ni ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní fita do Bonfim. Ẹni tó ń tà á yóò fẹ́ so ó mọ́ ọ lọ́wọ́ kí o tó dáhùn. Nítorí pé àlejò ń rà á, o lè rò pé kí o fi í sílẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim lórí òkè kí o wo irin tó yí i ká: ríbọ́ọ̀nù ti bò ó, àwọn ará ìlú sì wà nínú àwọn tó ń so ó. Gígùn ti àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 47, ìwọ̀n apá ọ̀tún ère Jésù tó wà lórí pẹpẹ, èyí tí wọ́n gbé wá láti Portugal lọ́dún 1745. Ọdún 1809 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ríbọ́ọ̀nù náà. Wọ́n á ta kókó mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ já a. Ó di ọjọ́ tó bá já fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ ẹni tí àwọn ọmọ wa ń bọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Òrìṣàńlá ni. Oxalá ni wọ́n ń pè é. Àwọn baba wọn kò lè bọ ọ́ ní gbangba, wọ́n bọ ọ́ lábẹ́ orúkọ Bonfim. Ní oṣù kìn-ín-ní tí o máa wà níbẹ̀, wàá rí àwọn obìnrin tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń ru omi olóòórùn dídùn lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bá wọn rìn, wọ funfun. Lọ́jọ́ Ẹtì pàápàá, ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú yẹn ló ń wọ funfun nítorí rẹ̀. Àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní òrìṣà tirẹ̀: funfun ni ti Òrìṣàńlá, yẹ́lò ni ti Ọ̀ṣun, búlúù tó mọ́ ni ti Yemọja. Ra díẹ̀ nínú wọn. Kò sí òṣùwọ̀n pápákọ̀ òfuurufú tó máa mọ̀ pé wọ́n wà nínú báàgì rẹ.

Àwọn tó bá mú ọ rìn lè fẹ́ kí o lọ sí Mercado Modelo, ilé ńlá etí òkun tó jẹ́ ilé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà kan. Lọ, ṣùgbọ́n Feira de São Joaquim ni kí o ti náwó. Ọjà àwọn ará ìlú gan-an nìyẹn. Epo pupa wà níbẹ̀, obì àti orógbó wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, okùn ìlẹ̀kẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀: búlúù dúdú ti Ògún, pupa àti funfun ti Ṣàngó. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá olórìṣà ti ń ra ohun ìbọ. Ìlẹ̀kẹ̀ orí àtẹ, ọjà ni. O lè rà á. Èyí tí wọ́n ti fi omi ewé wẹ̀ fún ẹnìkan, tó wà lọ́rùn rẹ̀, ti orí olúwarẹ̀ ni. Má ní kí ó tà á fún ọ, má sì fọwọ́ kàn án. Bí o bá ra okùn kan, má kó o sọ́rùn ṣeré láàárín wọn. Fi í sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ní gùn. Eyín erin, awọ ẹkùn, ìkarahun ìjàpá òkun, iyùn inú òkun: ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti tọwọ́ bọ àdéhùn CITES tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó àti inú òkun láti ọdún 1973 wá, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì lè bá ọ ṣẹjọ́. Obì, orógbó, irúgbìn, iyẹ̀pẹ̀ àti ẹran, fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí o ti rí wọn. Bí o bá fẹ́ gbé ère igi tàbí idẹ kúrò ní Nàìjíríà lọ fún àwọn tó gbà ọ́ lálejò, lọ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ NCMM tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí o tó dé pápákọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó kọjá ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ òde òní kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi yàn wọ́n.

Ní ti ìnájà, ìwọ ọmọ ọlọ́jà ni, n kò ní kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé má fi ohun kékeré ná ọlọ́jà pa. Owó tí o bá yọ lára ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kò tó owó omi rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ìgò yẹn kúnná mọ̀ ọ́n lára. Tí ó bá dá owó tó bójú mu, san án, kí o wá fi ìṣẹ́jú tí o ò bá fi máa ná an béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó sùn. Orúkọ ìlú, ọjọ́, ẹni tó ṣe é bí ó bá gbà kí o kọ orúkọ òun, ohun tí ó sọ, iye tí o rà á. Pẹ́ńsù ni kí o lò, nítorí yíǹkì máa ń tú sára aṣọ bí òógùn tàbí òjò bá kàn án. Aṣọ tí wọ́n rẹ ní aró, fi omi tútù ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí o tó kó o pọ̀ mọ́ òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹfọ̀n Àgbómẹ̀ rẹ yóò di aláró. Ká aṣọ róbótó, má ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po kan náà fún oṣù púpọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti já. Okùn tí wọ́n fi ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà kì í lágbára. Tún un sin kí o tó wọ̀ ọ́ jáde.

Mo ti rán àpò kan fún ọ, ó ní ojú mẹ́fà, ó ṣeé ká sínú báàgì ọwọ́. Àwọn káàdì tí wàá máa kọ̀wé sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù méjì. Ọmọ Ìyá Sikírá tó ń ná ọjà Balógun yóò gbé e wá fún ọ lọ́jọ́rú. Pè é kí o sọ ibi tí o ó ti pàdé rẹ̀. Ní tèmi, ríbọ́ọ̀nù funfun kan láti Bonfim ni mo fẹ́, èyí tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ rà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Má ta kókó kankan sí i. Èmi ni mo máa ta á.

Kí ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ fún mi.

Èmi ni,
Mọ̀mí rẹ ní Ìtòkú.